Ọjọ́ Tí Àwọn Obìnrin Ọ̀fà Dá Sinimá Dúró

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sí aago nílé wa ní Ọ̀fà, a kò sì nílò rẹ̀. Fèrè ọkọ̀ ojú irin ni aago wa. Bí ọkọ̀ òwúrọ̀ bá ti fọn fèrè lókèèrè, Ìyá Àgbà, ìyẹn ìyá tó bí bàbá mi, á húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, gbogbo ilé sì mọ ohun tí ikọ́ yẹn ń wí: ẹni tó bá ṣì wà lórí ẹní ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá èébú ni. Ìgbálẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní àgbàlá, àwọn adìyẹ á sá gba ẹ̀yìnkùlé lọ, Bàámi tó ń ṣiṣẹ́ réluwéè á máa gbọn eruku ara aṣọ kakí rẹ̀, Màámi á sì ti gbé ìkòkò ẹ̀kọ ka iná. Ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni Màámi ń tà fún àwọn èrò ọkọ̀ ní ìdíkọ̀. Èmi Wúràọlá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni mo máa ń nu ewé eéran tí a fi ń pọ́n ẹ̀kọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, níwájú àti lẹ́yìn. Iṣẹ́ tí mo kórìíra jù láyé nìyẹn. Mo sọ ọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì nà mí nítorí ẹ̀. Títí di òní, bí mo bá rí ẹ̀kọ inú ọ̀rá, inú mi máa ń dùn fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀kọ náà kò dùn lẹ́nu rárá.

Ní ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ohùn kan ti kúrò nínú àwọn ohùn ilé wa. Àbúrò mi ọkùnrin, Ìṣọ̀lá, ọmọ ọdún mẹ́rin, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ibà gbé e lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ọkùnrin ilé ló gbé e lọ sin, wọn ò sì jẹ́ kí Màámi mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bàbá àti ìyá kì í mọ sàréè ọmọ. Àwọn obìnrin àdúgbò wá, wọ́n bá Màámi jókòó lórí ẹní, wọ́n ṣí gèlè lórí, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn sì ń sọ: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Wọ́n ń sọ fún un pé ẹni tí agbè rẹ̀ kò fọ́ yóò tún omi pọn. Ọ̀rọ̀ ìtùnú tó dára ni, èmi náà ti sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíràn rí. Ṣùgbọ́n mo wo ojú Màámi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, mo sì rí i pé omi tó dànù yẹn gan-an ló ń wá.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, Ìyá Àgbà kó gbogbo aṣọ Ìṣọ̀lá àti abọ́ kékeré tó fi ń jẹun sínú apẹ̀rẹ̀, ó gbé e jáde, a ò sì rí apẹ̀rẹ̀ náà mọ́. Ó wá pe gbogbo wa jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ ọmọ yẹn nínú ilé yìí mọ́. Ẹni tó bá lọ, ẹ jẹ́ kó lọ. Bí ẹ bá ń pè é, ẹ ń dí ọ̀nà mọ́ èyí tó ń bọ̀ ni. Ìyá Wúrà, ṣé o gbọ́?" Màámi kúnlẹ̀, ó ní, "Mo gbọ́, Màmá." Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin tí àwọn èrò ọkọ̀ máa ń yọrí lójú fèrèsé torí pé wọ́n gbọ́ ìpolówó rẹ̀, ó wá di ẹni tó ń jókòó ti igbá ẹ̀kọ láìsọ nǹkan kan. Èmi ni wọ́n wá ní kí n máa polówó, ìpolówó tèmi sì dà bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀pá lé ewúrẹ́. Màámi kì í jẹun, àfi bí Ìyá Àgbà bá jókòó tì í. Ẹ má rò pé ìkà ni Ìyá Àgbà o. Arúgbó yẹn, pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro, ló máa ń dìde lọ gún iyán fún un, á máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù ú fún un bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Ó nífẹ̀ẹ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀. Òfin yẹn náà, ìfẹ́ ló fi ṣe é, ohun tó mú kó burú nìyẹn.

Kò pẹ́ tí àwọn ará ilé fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé bí nǹkan bá ń lọ báyìí, a máa sin ìyá tẹ̀lé ọmọ. Egungun ọrùn Màámi ti yọ síta. Lọ́jọ́ kan tí mo ń nu ewé mi, mo gbọ́ tí Bàámi ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ bí ti ọmọ tó fẹ́ tọrọ nǹkan. "Màmá, ẹ jẹ́ kó sunkún. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran."

Ìyá Àgbà ní, "Ta ló ní kó má sunkún? Orúkọ ni mo ní kó má pè."

Bàámi sún mọ́ ọn. Ó ní, "Màmá, ọmọ tí a ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀, báwo la ṣe fẹ́ sunkún rẹ̀?" Ìyá Àgbà mú ọ̀pá rẹ̀. Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn, ohun tí kì í ṣe lọ́sàn-án. Mo rò pé inú ló bí i nígbà náà. Ọmọdé ni mí, kí ni mo mọ̀?

Àsìkò òjò ni sinimá dé. Ọkọ̀ sinimá ìjọba ti wá sí ìlú wa rí, orí pápá ni wọ́n ti ń ṣe é bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn òjò lé gbogbo ènìyàn wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́ àwọn oníṣẹ́ náà sì ti fẹ́ pé. Ni ọ̀gá ilé-ìwé wa bá ní kí wọ́n wá ṣe é nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé lọ́sàn-án gangan, kí agboolé kọ̀ọ̀kan gbé ẹní wá, kí a fi dí ojú fèrèsé. Ẹ ò rí àrà? Gbogbo ẹní Ọ̀fà wá dúró lójú fèrèsé, ti olówó àti ti tálákà, èyí tó mọ́ àti èyí tí ọmọ ti tọ̀ sí, òkùnkùn sì ṣú nínú gbọ̀ngàn nígbà tí oòrùn ń ràn níta. Nítorí pé gbọ̀ngàn náà kò lè gba gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kí àwọn obìnrin àti ọmọ kọ́kọ́ wò ó, kí àwọn ọkùnrin wọlé tẹ̀lé wọn. Ìyá Sàlámátù, aládùúgbò wa tó ń ta aṣọ, tí ohùn rẹ̀ nìkan tó ọjà kan, ló wá fa Màámi jáde nínú ilé. Ó ní, "Ìyá Wúrà, o ò ní í kú sínú yàrá yìí lójú mi. Dìde, jẹ́ ká lọ wo iṣẹ́ òyìnbó." Ìyá Àgbà ní òjìji lásán ni àwọn òyìnbó ń gbé kiri, òun ò rí ohun tí wọ́n fẹ́ fi òjìji ṣe. Ó wá mú ọ̀pá rẹ̀, ó tẹ̀lé wa.

Eré òyìnbó ni wọ́n tàn sára aṣọ funfun kan tí wọ́n ta síwájú gbọ̀ngàn. Obìnrin òyìnbó kan àti ọkọ rẹ̀ ń gbé inú ilé kan tí odò wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì bí ọmọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ń dán. Ògbufọ̀ kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun, ó ń fi nǹkan kan tó rí bí àrọ sẹ́nu, ó ń sọ fún wa ohun tí wọ́n ń sọ. Ó wọ táì, ó sì fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀ gidigidi. Àmọ́ àwọn obìnrin wa kò nílò rẹ̀ púpọ̀. Bí ọmọ náà ṣe jáde ni wọ́n ti gbà á ṣe ọmọ. Ẹnì kan ní ó rù, wọn ò fún un lóúnjẹ. Nígbà tó já búrẹ́dì jẹ, gbogbo gbọ̀ngàn ní, "Jẹ ẹ́ dáadáa, ọkọ mi!" Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀lù ọmọ náà yí lọ sí bèbè odò, ọmọ náà sì tẹ̀lé e. A rí bọ́ọ̀lù lójú omi. A ò rí ọmọ mọ́. Mi ò lè ṣàlàyé irú igbe tó jáde lẹ́nu àwọn ìyá wa, ọwọ́ gbogbo wọn ló lọ sí orí.

Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀lé e ló dá ìjà sílẹ̀. Òyìnbó ọkọ padà lọ sí ibi iṣẹ́, ìyàwó jókòó sínú yàrá, òun nìkan. Ilẹ̀ mọ́, ilẹ̀ ṣú, ó ṣì wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn. Ìyá Sàlámátù ni kò lè mú un mọ́ra. "Àwọn aládùúgbò ńkọ́? Ṣé kò sí ènìyàn ní ìlú yìí ni?"

Ògbufọ̀ ní, "Ní ìlú òyìnbó, wọ́n máa ń fi ẹni tó bá ń ṣọ̀fọ̀ sílẹ̀ kó dá wà."

"Kó dá wà? Kó lè rí àyè pokùn so ni?" Ariwo sọ ní gbogbo gbọ̀ngàn. Wọ́n bú ọkọ, wọ́n bú ìyá ọkọ tí a kò tilẹ̀ rí, wọ́n bú gbogbo ará àdúgbò náà láti ìran dé ìran. Nígbà tí èébú kò mú ẹnikẹ́ni wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí obìnrin náà fúnra wọn. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù o!" "Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò!" "Omi ló dànù o, agbè ò fọ́!" Ìyá Sàlámátù ṣí gèlè rẹ̀, ó rìn lọ síwájú, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ aṣọ funfun, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ó ní, "Èmi ò ní í fi í sílẹ̀ lóun nìkan." Ẹlòmíràn tẹ̀lé e, òmíràn tún tẹ̀lé e. Nígbà tó yá, wọ́n ti tó méjìlá níbẹ̀, tí wọ́n ṣí gèlè, tí wọ́n ká ọwọ́ lẹ́rán. Wọn ò rí sinimá náà mọ́ rárá láti ibi tí wọ́n jókòó sí. Wọn ò wá wò ó mọ́. Wọ́n wá bá a jókòó ni. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọmọ mi tó kàwé ń fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín pé àwọn ìyá wa ò mọ̀ pé àwòrán ni. Mo máa ń sọ fún wọn pé bí àìmọ̀kan bá rí báyìí, kí Ọlọ́run fún wa sí i.

Lẹ́yìn náà, obìnrin òyìnbó yìí ṣí àpótí, ó mú bàtà ọmọ náà jáde, ó gbé e mọ́ àyà, ó sì pariwo nǹkan kan. Ògbufọ̀ ní, "Ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀ ni." Ẹnì kan lẹ́yìn mi ní, "Háà, ó mà dárúkọ ẹ̀." Mo yíjú wo Ìyá Àgbà, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú gírígírí. Mo wo Màámi. Ètè rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n ohùn kankan kò jáde.

Nígbà tí fíìmù parí, àwọn obìnrin kọ̀, wọn ò dìde. Wọ́n ní àfi kí ògbufọ̀ sọ fún àwọn pé ta ló lọ kí ìyá ọmọ náà lẹ́yìn tí iná kú. Ògbufọ̀ nu òógùn ojú, ó ní eré ni. Ìyá Sàlámátù dá a lóhùn láti ibi tó jókòó sí pé, "Eré? Ta ní í fi ikú ọmọ ṣeré?" Àwọn ọkùnrin ti ń lu ilẹ̀kùn níta. Ẹni tó ń yí ẹ̀rọ, tí kò gbọ́ Yorùbá, rò pé wọ́n gbádùn rẹ̀ ni, pé wọ́n fẹ́ tún un wò. Ó dá fíìmù padà, ó tàn án láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí iná ṣe bọ́ sára aṣọ báyìí, ọmọ náà ló ń sáré bọ̀, ó ń já búrẹ́dì jẹ.

Ariwo tó sọ nínú gbọ̀ngàn yẹn, mo gbà pé wọ́n gbọ́ ọ dé Ẹ̀rìn-Ilé. "Ó ti jí! Ọmọ ti jí!" Àwọn tó wà lábẹ́ aṣọ sáré dìde láti wò ó, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn. Èmi tí mo ti ń lọ sí ilé-ìwé, mo mọ̀ pé fíìmù ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi náà ń fò sókè. Ìdùnnú náà kò pẹ́. Ọmọ náà gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀, gbogbo wa sì rántí odò. "Má lọ síbẹ̀ o!" "Fi bọ́ọ̀lù yẹn sílẹ̀!" Ọmọ ò gbọ́. Ìyá kan ní, "Ẹ bá a sọ èdè òyìnbó, kò gbọ́ tiwa!" Wọ́n tì mí síwájú torí pé èmi ni akẹ́kọ̀ọ́ tó sún mọ́ wọn jù, mo sì fi gbogbo èdè òyìnbó tí mo ní láyé pariwo pé, "Kọ́ọ̀mù báàkì! Kọ́ọ̀mù báàkì!" Bọ́ọ̀lù ń yí lọ.

Ìgbà yẹn ni Màámi dìde. Mi ò mọ bó ṣe la àárín àwọn ènìyàn kọjá. Ó kàn dúró sínú ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ náà, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, òjìji rẹ̀ sì bọ́ sára aṣọ funfun, ó ga, ó fẹ̀, ó bo odò náà pátá. Ọmọ náà ń sáré bọ̀, Màámi sì dúró láàárín òun àti omi. Ó la ẹnu, ohùn tí a kò gbọ́ láti oṣù mẹ́sàn-án jáde. "Ìṣọ̀lá! Ìṣọ̀lá o! Padà wálé!"

Ẹ̀rù bà mí débi pé mo di etí mi. Ògbufọ̀ ń pariwo pé, "Màdáámù, ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ ń ba fíìmù jẹ́!" Ṣùgbọ́n kì í ṣe ògbufọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Ìyá Àgbà ti dìde. Gbogbo ẹni tó mọ òfin ilé wa yà fún un. Ó ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀ lọ, kò yára, ó dé ọ̀dọ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó dúró tì í, òjìji kejì sì bọ́ sára aṣọ. Ó ní, "Tún un pè."

Màámi wò ó bí ẹni tí kò gbọ́.

"Mo ní kí o tún un pè. Pè é kó dún."

"Ìṣọ̀lá!" Ẹkún dé lẹ́yìn orúkọ náà, ẹkún gidi, tó ń mi gbogbo ara rẹ̀. Ìyá Sàlámátù dìde dúró tì wọ́n, àwọn obìnrin yòókù dìde, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bọ́ sínú ìmọ́lẹ̀, títí tí kò fi sí odò mọ́, kò sí bọ́ọ̀lù, òjìji obìnrin Ọ̀fà nìkan ló kún ara aṣọ láti òkè délẹ̀. Nígbà tí àwọn ọkùnrin gbọ́ ẹkún yẹn níta, wọ́n rò pé ilé wó lu ènìyàn, wọ́n fa àwọn ẹní ojú fèrèsé já. Oòrùn ya wọlé. Àwòrán pòórá. Ọkùnrin tó ń yí ẹ̀rọ ká ọwọ́ sókè, ó sì pa ẹ̀rọ náà. Wọ́n ń sọ pé ìjàkadì ni orò àwa ará Ọ̀fà. Mo ti wo ọ̀pọ̀ ìjàkadì láyé mi, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rí ibi tí ẹ̀yìn ikú ti balẹ̀. Ẹ lè tan fíìmù yẹn níbikíbi tó bá wù yín láyé, ọmọ náà á kú. Ní Ọ̀fà, lẹ́ẹ̀kejì, kò kú.

A ṣì ń hó pé odò kò gbé ọmọ náà nígbà tí Ìyá Àgbà na ọ̀pá rẹ̀ sókè pé ká dákẹ́. Ojú rẹ̀ kò wo ẹnì kankan nínú wa. Ó fi ohùn kan tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí pè pé, "Oyèwùmí!" Ó mí. "Àjọkẹ́!" Ó tún mí. "Akínọlá!"

Ìyá Sàlámátù ní, "Màmá, ta ni wọ́n?"

"Àwọn ọmọ mi ni. Oko la wà nígbà náà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo bí ṣáájú Bàbá Wúrà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lọ. Ìyá ọkọ mi ní n ò gbọdọ̀ dárúkọ wọn. Mi ò sì dárúkọ wọn." Omi ń dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ tó kù sì hàn síta. "Ẹ gbọ́ o, gbogbo ayé. Mo bí Oyèwùmí. Mo bí Àjọkẹ́. Mo bí Akínọlá. Ìyá ọmọ mẹ́rin ni mí!" Màámi dì mọ́ ọn, àwọn obìnrin sì hó yèè.

Bàámi wà lójú fèrèsé pẹ̀lú àwọn ọkùnrin, ẹní tó fà já ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin tí gbogbo ilé mọ̀ sí àkọ́bí ni, tí àwọn ọmọ orogún Ìyá Àgbà ń dọ̀bálẹ̀ fún láràárọ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì ní ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo láyé tó mọ̀. Mo rí i tó ju ẹní sílẹ̀. Ó ṣí fìlà réluwéè rẹ̀. Ó na gbalaja sínú ẹrẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, tòun ti aṣọ kakí iṣẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ lójú gbogbo ìlú, ó ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àtijọ́ o."